Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Gbin Àgbàdo ní Parakou

Ẹ̀yin ọmọ mi, òjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ti wa ní agbègbè Borgou níhìn-ín. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún ló máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá ló ń kásẹ̀ nílẹ̀. A ò ní àrọ̀kúrò bíi tàwọn ará Àjàṣẹ́ ní gúúsù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ omi ló ń sọ.

1. Ẹ mọ ohun tí ajílẹ̀ ń ṣe lára ewé. Ihò tíntìntín tójú ò lè rí ló kún ara ewé àgbàdo. Ibẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn wọlé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ di oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde. Kò lè gba atẹ́gùn kó má pàdánù omi. Náítírójìn ló ń mú ewé dú, òun ló sì ń fún un lágbára láti lo atẹ́gùn náà. Ewé tí náítírójìn ò tó lára rẹ̀ á ná omi, oúnjẹ tó máa rí ṣe ò ní tó nǹkan.

2. Ẹ yẹ ewé wò kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ṣóńṣó, tó ń gba àárín wọnú bí lẹ́tà V, náítírójìn ló ń wá. Bó bá jẹ́ etí ewé ló ń gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pòtáṣíọ̀mù. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn: pòtáṣíọ̀mù ló ń bá ewé ṣí àwọn ihò náà, tó sì ń bá a pa wọ́n dé nígbà tí ọ̀dá bá mú. Bí àgbàdo kékeré bá ní àwọ̀ elésè àlùkò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Gbòǹgbò àgbàdo tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò tó lára rẹ̀ kì í jinlẹ̀ débi tí omi wà.

3. Ẹ ka nọ́ńbà ara àpò. Ti yùríà, ajílẹ̀ tó ń fúnni ní náítírójìn, jẹ́ 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé kílò 23 náítírójìn ló wà nínú àpò kílò 50. Kò sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí pòtáṣíọ̀mù nínú rẹ̀.

4. Ẹ má da yùríà sórí ilẹ̀ lásán kẹ́ ẹ máa lọ. Afẹ́fẹ́ ló máa gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, owó sẹ́fà yín sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò ti rọ̀, kí àgbàdo ti tó orúnkún, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

5. Ẹ má sun pòròpórò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó bo ilẹ̀, kí omi inú rẹ̀ má bàa tètè gbẹ.

6. Èyí ló ká mi lára jù: àpọ̀jù ajílẹ̀. Àwọn tó ń gbin àlìkámà ní Ọsirélíà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí náítírójìn bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ewé á gbilẹ̀, á fa omi ilẹ̀ tán, ìgbà tí ọkà bá fẹ́ gbó, omi ò ní sí mọ́. Àgbàdo náà ń bẹ̀rù ọ̀dá jù nígbà tó bá ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ tó sì ń yọmọ. Nítorí náà, ẹ pín ajílẹ̀ sí ìgbà méjì. Bí òjò bá pẹ́ dé, tẹ́ ẹ sì gbìn lẹ́yìn ìgbà, ẹ dín yùríà kù, kẹ́ ẹ di ẹnu àpò tó ṣẹ́kù pa dáadáa síbi gbígbẹ, torí yùríà máa ń fa ọ̀rinrin.