Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Kì í Yẹ Ọmọ Ènìyàn

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, a ṣo. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi gba ẹ̀yin aláró, aránṣọ àti ahunṣọ níyànjú, ẹ̀yin tí ẹ ń kóra yín jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tajà, kí ẹ sì kọ́ ara yín níṣẹ́. Ó ń dùn mí pé bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ní àmì ìdánimọ̀ àti ìkànnì, ti ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń wò ṣe. Ẹni tí kì í gé aṣọ láìwọn oníbàárà wá ń gé àmì ẹgbẹ́ láìwọn ẹgbẹ́!

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni wá? Kí là ń ṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe? Ta là ń tà fún? Àwọn ìyá wa tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn kò wá àmì lọ sọ́nà jíjìn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà sára aṣọ, wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Títí dòní, ẹni tó mọ aṣọ kò ní í béèrè ìlú tí aṣọ náà ń kì. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn lè rí àmì tirẹ̀ lára ọ̀kọ̀ tó fi ń hunṣọ; aláró Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lè rí i lára ìkòkò aró.

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Àmì tó kó abẹ́rẹ́, òwú, sísọ́ọ̀sì àti orúkọ gígùn pọ̀ yóò dàrú nígbà tó bá kéré bí èékánná lójú fóònù. Ní 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Carolyn Davidson, ya àmì Nike, ilà kan ṣoṣo tó tẹ̀. Dọ́là 35 ni wọ́n san fún un nígbà náà. Lónìí, ayé ń dá a mọ̀ láìsí orúkọ lára rẹ̀. Ẹ dán tiyín wò lọ́nà mẹ́ta: ẹ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, ẹ dín in kù títí yóò fi tó bọ́tìnì ẹ̀wù, ẹ fi òwú rán an sára aṣọ péńpé tó máa ń wà lẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù. Bó bá hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní Nàìjíríà, ọdún 7 ni ààbò àkọ́kọ́ lórí àmì ọjà. Lẹ́yìn náà, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́; bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkànnì. Fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń wo ọjà, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra dátà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán kan kọjá kìlóbáìtì 200. Ẹ ya àwòrán aṣọ ní òwúrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí iná gílóòbù máa ń pa àwọ̀ aró dà. Ẹ yà á ní títẹ́, ní wíwọ̀, kí ẹ tún sún mọ́ ọn kí òwú rẹ̀ hàn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye yáàdì, ìwọ̀n ní íńṣì, iye owó, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti bóyá ọwọ́ ló ṣe é tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà tó wà ní London kò lè fọwọ́ kan aṣọ yín. Òtítọ́ tí ẹ kọ ni yóò fi ṣe ọwọ́.

Ojú-ewé Instagram dára fún ìpolówó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ẹ ra àdírẹ́sì ìkànnì tiyín, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ sì fi rà á, kì í ṣe orúkọ ọmọ tó bá yín kọ́ ọ. Bí ìjà bá dé, ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló nilé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ẹ fi han ìyá tó dàgbà jù nínú yín àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kéré jù. Ọjọ́ tí ìyá tó ti ń rẹṣọ láti kékeré bá wo ojú fóònù, tó sì ní, "Àwa nìyí," ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé aṣọ náà ti bá yín mu rẹ́múrẹ́mú.