Ilé-ìwé Tí Àwọn Òbí Dá Sílẹ̀ ní Hampstead

Ní ọdún 1898, ní àdúgbò Hampstead ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òbí kan ṣí ilé-ìwé kékeré sínú ilé gbígbé kan ní òpópónà Ellerdale. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló rán wọn, ìjọba náà kọ́. Ní ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n dáwó, tí wọ́n sì wá olùkọ́. King Alfred School ni wọ́n sọ ọ́. Ó wà títí di òní.

Ọba ìgbàanì ni Alfred. Ó jẹ ní Wessex, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 871 di 899. Ogun àwọn Viking, àwọn jagunjagun tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti àríwá Yúróòpù, kò jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ rímú mí, síbẹ̀ ó ráyè túmọ̀ ìwé láti èdè Látìn sí èdè àwọn ará ìlú rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ka ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Yorùbá á mọ̀ pé ọba náà ní làákàyè.

Kí a tó lè mọ bí orí àwọn òbí yẹn ṣe le tó, ó yẹ kí a mọ irú ilé-ìwé tí olówó ń fi ọmọ sí láyé ìgbà náà. Ọmọkùnrin lè má ju ọdún mẹ́jọ lọ tí wọn á ti mú un kúrò nílé lọ máa gbé inú ọgbà ilé-ìwé. Ó di àsìkò ọlidé kó tó rí ìyá rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Ìsìn Kírísítì sì wà nínú ẹ̀kọ́ bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀. Irú ètò yẹn ni àwọn Òyìnbó gbé wá bá wa: ọmọkùnrin nìkan ni CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1859 wà fún, ọdún 1869 ni wọ́n tó ṣí ti àwọn ọmọbìnrin.

Àwọn òbí Hampstead kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn á máa sùn nílé. Wọ́n ní ọkùnrin àti obìnrin á jọ jókòó nínú kíláàsì kan náà. Wọ́n ní ilé-ìwé náà kò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn.

Ilé-ìwé takọtabo kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà náà. Obìnrin kò tíì lè dìbò yan aṣòfin. Ní 1897 gan-an, ọdún tí ẹgbẹ́ òbí yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin Yunifásítì Cambridge dìbò pé àwọn kò ní fún obìnrin ní oyè, bó tilẹ̀ ti yege ìdánwò. Ó di 1948 kí wọ́n tó gbà. Àwọn ọmọbìnrin Hampstead sì ti ń bá ọkùnrin kàwé pọ̀ fún àádọ́ta ọdún kó tó dìgbà yẹn.

Lójú tèmi, ti sísùn nílé yẹn ló jinlẹ̀ jù. Ọmọ tó ń darí wálé lálaalẹ́ á máa ròyìn ohun tí olùkọ́ wí. Bàbá á gbọ́, ìyá á gbọ́, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé-ìwé kò jìnnà. Àwọn òbí yìí kan náà ló ni ilé-ìwé. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá àgbà tó jẹ́ pé òbí ọmọ tó ń bá wí ni ọ̀gá tirẹ̀. Ó ní láti mọ ọ̀rọ̀ sọ! John Russell, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà láti 1901 di 1920, mọ̀ ọ́n sọ.

Wọn kì í fún ọmọ ní ẹ̀bùn pé ó borí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí aṣọ ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń pe olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, láìfi sà tàbí mà kún un. Mo mọ̀ pé èyí á ṣòro gbé mì fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó ṣòro fún èmi náà.

Síbẹ̀ ẹnì kan wà tó kà á sí pé ilé-ìwé náà ṣì le jù. Ará Scotland ni, A. S. Neill lorúkọ rẹ̀. Ó wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣèpàdé, kí wọ́n máa ṣèjọba ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, Neill sì kúrò. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Òun ló padà di Summerhill, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé.

Láàárín àsìkò kan náà ni King Alfred kó lọ sí Golders Green nítòsí Hampstead, sórí ilẹ̀ tó láyè, tí igi pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí Ogun Àgbáyé Kejì fi dé, tí wọ́n ń sá fún bọ́ǹbù, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sí oko kan lẹ́bàá Royston ní ìgbèríko Hertfordshire. Bí ogun ṣe sọ ilé-ìwé tó kórìíra kí ọmọ sùn síta di ibi tí ọmọ ń sùn nìyẹn. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọ́n padà sí Golders Green, oorun sì padà sílé.

Ilé-ìwé aládàáni ni títí di ìsinsìnyí, ọmọ ọdún mẹ́rin sí méjìdínlógún ló ń lọ síbẹ̀. Aládàáni ni pé ìjọba kò sanwó olùkọ́ níbẹ̀, nítorí náà ìjọba kò lè pàṣẹ gbogbo ohun tí wọn á kọ́ ọmọ. Owó ilé-ìwé ni wọ́n fi ń jẹun. Owó náà kò kéré rárá: ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn kò lè wọlé àfi tí wọ́n bá ràn án lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní 2025, ìjọba ilẹ̀ Britain tún ti fi owó-orí ọjà ìdá 20 nínú 100 lé owó gbogbo ilé-ìwé aládàáni. Àwọn kan ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó lówó ni kó san án. Àwọn mìíràn ní àwọn òbí tó ń tiraka gan-an ni yóò kọ́kọ́ mú ọmọ wọn kúrò.