Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: ÀDÚRÀ, OÒGÙN ÀTI ỌDÚN 1918

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20, níbi tí Hesekáyà ọba ti ṣàìsàn dé ojú ikú. Ọba gbàdúrà, ó sì sọkún, Olúwa sì gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wòlíì kan náà tí ó mú ìhìn ìwòsàn wá ni ó ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé lórí ọ̀ràn yìí gan-an ni àwọn bàbá wa ti pínyà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ òkun gbé àrùn ìnfúlẹ́ńsà wọ èbúté Èkó. A ti ilé-ìwé àti ilé ìsìn pa; ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò nílùú, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ bá àwọn tí wọ́n sá tọ̀. Àwọn dókítà kò ní oògùn tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò tí ń fà á lára ènìyàn.

Ní ìjọ St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí í ṣe alàgbà, J. B. Ṣàdárè, kó àwọn díẹ̀ jọ láti máa gbàdúrà. Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ ilé-ìwé, darapọ̀ mọ́ wọn, ó ń kéde pé àdúrà àti omi òjò ni kí a fi wo aláìsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a wá mọ̀ wọ́n sí. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú Ìjọ wa, nítorí pé wọ́n kọ oògùn gbogbo, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó, wọn kò sì gba ìrìbọmi ọmọ ọwọ́.

Àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ máa ń yára pe èyí ní àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ìgbàgbọ́ tó dé, ta ni ń wo aláìsàn ní ilẹ̀ wa? Ẹni tí ń bá ilé sọ ohun tí ó ń bínú sí i, òun kan náà ni ó ń já ewé. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó kọ́ wa láti gbé ọkàn lọ sí ilé ìsìn, kí a sì gbé ara lọ sí ilé oògùn. Nígbà tí ilé oògùn kò rí nǹkan ṣe, tí ilé ìsìn sì wà ní títì, níbo ni kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná yà sí? Ènìyàn kì í fi ọwọ́ òfìfo dúró de ikú.

Ní ti kíkọ oògùn, a kò lè gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀tọ́ Hesekáyà kò jẹ́. Síbẹ̀ ní ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọ́lá, ọmọ Ìjọ wa nígbà kan rí, ń wàásù ní Òkè-Òyè ní Iléṣà, àwọn tí a ti kọ́ ní katikísímù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó oògùn ìṣọ́ra wá fún iná. Ibo ni wọ́n ti ń kó wọn pa mọ́ sí, tí àwa kò rí i?

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn àtijọ́ ni. Ní ọdún 2020, nígbà tí a tún ti ilé ìsìn pa nítorí àrùn kòrónà, àwa tí a ń kọ̀wé yìí jókòó sílé. Opó àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì; àwọn aládùúrà òdìkejì títì ni ó ń dúró lẹ́nu fèrèsé rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí a wá kí i nígbẹ̀yìn, ó fún wa ní àga, kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kí kíláàsì ka Jákọ́bù orí 5, láti ẹsẹ 13 dé 16. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ kọ orúkọ àwọn aláìsàn inú ìjọ sílẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ó ti bẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò.