Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ilé, oko àti ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Monrovia tí oko yín wà ní apá Kakata, ẹ mọ̀ pé nǹkan bí kìlómítà 70 ni ibẹ̀ sí ìlú. Bí àdá bá ṣá ẹnì kan lẹ́sẹ̀ lóko, ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró de ọkọ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín nígbà náà ni ẹ máa lò.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó wà ní Làìbéríà lọ́dún 2014 kò nílò àlàyé púpọ̀: Ebola pa ènìyàn tó lé ní 4,800 níbẹ̀, nọ́ọ̀sì àti dókítà wà lára wọn, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn ló sì ń gbé e kiri. Bí ìbọ̀wọ́ bá tán, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ bọ ọwọ́.

Ẹ fi gọ́ọ̀sì, báńdéèjì fífẹ̀, plásítà, ọṣẹ, àlùmọ́gàjí, tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún sí i, pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tí ẹ lè fi gbé apá tó kán kọ́ ọrùn. Kí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ lítà 10 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, omi yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. Bí oògùn apakòkòrò bá ta sí ojú, ẹ máa rọra da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Bí iná bá jóni, ẹ da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi gọ́ọ̀sì tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bó bá rin gbingbin, ẹ gbé òmíràn lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ti ejò yàtọ̀. Ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà, ẹ fi igi àti báńdéèjì gbé ẹsẹ̀ náà ró kó má mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Kó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ra ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Ẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé.

Òjò Monrovia kì í ṣe kékeré láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, nítorí náà ike oníderí tó dé pinpin ló dára ju páálí lọ. Ẹ má fi oògùn oníhóró sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Gọ́ọ̀sì àti ìbọ̀wọ́ lè wà níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, àti ti ọlọ́kadà tó máa ń gbéra lóru, sínú ìdérí rẹ̀, torí fóònù lè kú. Ohun tí ẹ bá lò lónìí, ẹ rà á padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.