Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Tú U

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kékeré kan tó tóbi bí ìkúùkù, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkọ̀ bàbá mi jẹ́ pátápátá.

Mercedes-Benz 280E ọdún 1974 ni ọkọ̀ náà. Ó ń tú èéfín dúdú, ó sì ń mu bẹntiróòlù bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn ènìyàn ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, kí a ra tòkunbọ̀ mìíràn sí i. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀: ọkọ̀ bàbá wọn ni, òun náà ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ wíwà.

1. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ náà

D-Jetronic ni ẹ́ńjìnnì yìí ń lò, ètò ìfún-epo tí ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé jáde ní 1967. Lẹ́tà D dúró fún Druck, ìyẹn ìfúnpá ní èdè Jámánì. Inú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ni àpò irin pẹlẹbẹ méjì wà, tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, àpò náà á wú, á sún ọ̀pá irin kan kúrò láàárín kọ́ìlì, epo á dínkù. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, àpò á sún kì, ọ̀pá á padà wọlé, epo á pọ̀ sí i.

2. Ibi tó ti ń bàjẹ́

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tún wà nínú rẹ̀, tó ń mú kí epo pọ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, irin yìí máa ń sán. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì máa parọ́ fún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì pé iṣẹ́ ńlá ni à ń ṣe. Èéfín dúdú dé nìyẹn.

3. Àṣìṣe mi

Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, n kò wọn nǹkan kan. Mo há gọ́ọ̀mù líle tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò, mo rí sikúrúù kan, mo sì yí i. Èéfín dáwọ́ dúró! Inú gbogbo ilé dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, bí a ti ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbàgàgbàgà. A tú pílọ́ọ̀gì, ó funfun bí ẹfun. Epo ti kéré jù. Ká ní a ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, písítìnì lè jó. Irin tó sán ṣì wà níbẹ̀. Àmì àìsàn nìkan ni mo bò mọ́lẹ̀.

Bàbá mi kò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ibo ló wà kí o tó yí i?" N kò mọ̀.

4. Ọ̀nà tó yẹ

(a) Ẹ fi mítà wọn kọ́ìlì méjèèjì: nǹkan bí 90 ohm fún ọ̀kan, 350 ohm fún èkejì. Bí wáyà inú bá ti já, pípààrọ̀ irin kò lè wò ó sàn.

(b) Ẹ fi ẹ̀rọ aláfọwọ́fà fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dé ínṣì mákúrì 15. Bí ó bá ń jábọ̀ kíákíá, ó ń jò.

(d) Ẹ fi LCR mítà wọn kọ́ìlì ní 0, 5, 10 àti 15, níbi tí jíjò bá gbà yín láyè dé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí sikúrúù wà.

(e) Ìgbà náà ni kí ẹ tó tú u, kí ẹ pààrọ̀ irin tó sán, kí ẹ sì dá a padà sí iye tí ẹ kọ.

Ní tèmi, kò sí àkọsílẹ̀. Mo wá sẹ́ńsọ̀ dé Panteka ní Kaduna, ti ọkọ̀ mìíràn ni mo rí. Irin tuntun wá láti òkè òkun, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ní irú ọkọ̀ náà yá wa ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, tó ní nọ́ńbà kan náà. A wọn tirẹ̀, a sì fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta yí tiwa díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá a mu. Èéfín lọ, òkè sì rọrùn láti gùn. Ìwé tí mo kọ iye náà sí wà nínú ọkọ̀ títí di òní.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Kí ló dé tí èéfín fi dáwọ́ dúró nígbà tí irin ṣì sán? Kí ni ẹ ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ kò tíì wọ̀n?