Àkànní, Ṣé Iyọ̀ Ni Ọ́ Ni?

Àkànní, jókòó. Fi fóònù yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o fi í sílẹ̀, mi ò ní kí o dà á dojú bolẹ̀ kó tún máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹ̀n-ẹ́n. Wá bá mi já ewédú yìí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin kì í já ewédú? Bàbá rẹ já a fún ìyá rẹ, ojú mi ló ṣe.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mi ò fojú kàn ọ́ ní kílọ́ọ̀bù. Àwọn agbọ́tí ń bi mí pé, "Mà, ṣé ọ̀gá wa ti jápa lọ sí Kánádà ni?" Mo ní rárá o, ó wà l'Ékòó níbí, iyọ̀ lọmọ mi, kò fẹ́ kí omi kan òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Ó dáa, ìròyìn tí o kò wá gbọ́, gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Oṣù kẹfà ló burú jù, bó ṣe máa ń rí l'Ékòó. Òjò rọ̀ títí pápá gọ́ọ̀fù fi di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, gbogbo ibi tó bá ti rẹlẹ̀ díẹ̀, omi ló wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀ gọ́ọ̀fù wọ orí koríko mọ́, kí oníkálùkù fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀gá kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àgbàlagbà ni, ó ní orúnkún ń dun òun, ó wa tirẹ̀ wọ ibẹ̀. Táyà rì. Ó tẹná mọ́ ọn, ó túbọ̀ rì. Kí àwọn kádì tó ń bá wa gbé báàgì tó tì í jáde, aṣọ funfun wọn ti di pupa, orúnkún tó ń dùn yẹn náà ló sì fi sáré kúrò níbẹ̀ kí a má baà rí i. Àpá táyà náà ṣì wà nílẹ̀ di báyìí, koríko ò tíì bò ó.

Oṣù kẹjọ ti wọlé báyìí, òjò ti fún wa láyè díẹ̀. O mọ ìṣe rẹ̀: ojú ọjọ́ á ṣú, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, kò ní rọ̀, àfi kó dédé padà dé lóṣù kẹsàn-án, kó tún máa bá a lọ dé oṣù kẹwàá. Àárín ìgbà yìí ni àwọn tó ń tọ́jú pápá ń rí ojú ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe náà sì ni ìwọ rí àwòrán rẹ̀ tí o fi pariwo.

Wọ́n gbé ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé fún mi gbọ́. O ní wọ́n ti ba gíríìnì jẹ́. O ní ẹnìkan ti dá ihò sí gbogbo ara rẹ̀, pé ta ló máa dá owó yín padà. Àkànní! O ò débẹ̀. O ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. O kàn rí àwòrán lórí ibùsùn rẹ, o sì dá ẹjọ́.

Ìwọ rò ó wò. Láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ló ń dúró lórí gíríìnì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ wà. Ilẹ̀ á ki, á le. Omi ò ní rí ọ̀nà wọlẹ̀, gbòǹgbò ò ní rí atẹ́gùn. Tí òjò bá wá rọ̀ sí i, omi á dúró sókè, koríko á máa rà láti ìsàlẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, ẹ̀rọ náà ń yọ ilẹ̀ ní ègé kéékèèké tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n kó ohun tó yọ kúrò, wọ́n da yanrìn gbígbẹ sí i, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn náà wọ inú ihò títí ó fi kún. Bí omi ṣe máa rí ọ̀nà nìyẹn. Koríko tí a ní níbẹ̀, Bermuda ni wọ́n ń pè é, ooru àti omi ló fẹ́ràn. Ìsinsìnyí tó ń hù dáadáa ni ọgbẹ́ rẹ̀ ń tètè jiná. Tí wọ́n bá dúró di ìgbà ọyẹ́ kí wọ́n tó gún un, ṣe ni ibẹ̀ á gbẹ, á sì pá, nígbà náà ni o máa wá ní ẹjọ́ tòótọ́ rò. Fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, o ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbá gọ́ọ̀fù lápá Òkè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti wọ́n, wọn ò tiẹ̀ ní koríko yí ihò ká rárá. Yanrìn ni, wọ́n á fi epo pò ó kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a, inú wọn ń dùn, kò sì sí èyí tó fi ohùn ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Má já igi rẹ̀ mọ́ ọn, ewé nìkan ni mo fẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ fèrè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ mọ̀nàmọ́ná. Tí fèrè bá dún tí o wà lórí pápá, kúrò níbẹ̀ kíákíá. Má sọ pé o fẹ́ gbá ẹyọ kan sí i. Tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, máa ka ìṣẹ́jú àáyá láti ení. Tí àrá bá sán kí o tó ka 30, ó ti sún mọ́ ọ jù. Lẹ́yìn ìgbà tí o bá gbọ́ àrá kẹ́yìn, ó di ìṣẹ́jú 30 gbáko kí ẹnikẹ́ni tó padà jáde. Èwo tiẹ̀ ni ti ọmọ èèyàn tó di ọ̀pá irin mú, tó wá lọ fara pamọ́ sábẹ́ igi tó ga jù lọ lórí pápá? Ṣàngó ò ní béèrè bóyá o ti san owó ọdún.

Ìwọ tí o ò kúkú tíì san án.

Má wolẹ̀, wò mí. Orúkọ rẹ wà lórí pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ibi ìjẹun, láàárín àwọn ajẹgbèsè. Orúkọ bàbá rẹ ni o! Mo ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ní kí wọ́n wo òdòdó lápá kejì. O ní o ò lo nǹkan kan láti oṣù kẹrin, kí ló dé tí wàá fi sanwó? Tóò. Ṣé koríko mọ̀ pé o ò wá ni? Ó ń hù, wọ́n ń gé e. Omi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ń fọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru. Iná ńkọ́? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 fún ẹyọ kan, bí ó tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ńṣe ni akápò wa ń mí kanlẹ̀ tó bá ti ń ka ìṣirò. Tí iná bá sì lọ, dísẹ́ẹ̀lì ni. Àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ géètì, àwọn tó ń se oúnjẹ, oṣù ń parí fún wọn nígbà òjò bó ṣe ń parí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ fẹ́ máa bọ̀ lóṣù kejìlá nìkan kí o wá bá ilé tó mọ́, koríko tó tutù, àsun tó gbóná. Àwọn wo ni kó tọ́jú rẹ̀ dè ọ́?

Mo mọ̀ pé o ń sọ ọ́ nínú pé kí ló kan Àǹtí. Ó kàn mí. Lórí fọ́ọ̀mù rẹ, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó dúró fún ọ, èmi ló wà níbẹ̀. Owó nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn wọ irú ibẹ̀ yẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́ ló ń fi ojú ara rẹ̀ mú ọ wọlé. Mo sọ fún wọn pé ilé ire lo ti wá. Mo sọ pé o kì í pariwo. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni o ra fóònù tó ń gba ohùn.

Ṣé o rò pé wọ́n kàn fi ibẹ̀ jíǹkí wa ni? Nígbà tí wọ́n dá èyí tó di Ikoyi Club sílẹ̀ ní 1938, àwọn òyìnbó ló wà fún. Dúdú tó bá wọ ibẹ̀, àwo oúnjẹ ló gbé dání. Ní 1947, Bristol Hotel l'Ékòó níbí kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀ tí wọ́n rán wá láti London, nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone. Èkó gbóná nígbà yẹn! Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ò dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún wọn. Yoruba Tennis Club ti wà láti 1926. Ní 1943 wọ́n dá Island Club sílẹ̀, èyí tó wà ní Oníkan, Adéyẹmọ Alákijà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ìdílé tó ti Brazil padà wálé nìyẹn, Assumpção ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó gba orúkọ Yorùbá wọn padà. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló jókòó, tí wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n kọ òfin sílẹ̀, kí ìwọ lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí láìsí pé ẹnikẹ́ni wo àwọ̀ rẹ. Èmi tí ò ń wò yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé kílọ́ọ̀bù wa, ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni èmi náà. Ìwọ tí wọ́n kọ ọ́ fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, o ń sá fún òjò.

Ọ̀rọ̀ kádì ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Kádì kì í gba owó oṣù bíi ti akọ̀wé. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ló ń fún un lówó, tí pápá bá ti pa, ọwọ́ rẹ̀ náà pa. Oṣù kẹfà àti oṣù keje yìí, mo rí wọn tí wọ́n jókòó lábẹ́ páànù láti àárọ̀, tí wọ́n ń wo òjò. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọ, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo lo máa wá. Ìwọ wá ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ná owó! Òfin ní ọ̀pá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ nínú báàgì, ìwọ kó o pé, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lo mọ̀ ọ́n lò nínú wọn. Èjìká ta ló wà? Bọ́ọ̀lù rẹ sọnù lóṣù kejì, òfin ní ìṣẹ́jú 3 ni kí o fi wá a. Láti 2019 ni wọ́n ti dín in kù láti ìṣẹ́jú 5. Ìwọ mú ọmọ ọlọ́mọ wọ inú igbó títí àwọn tó wà lẹ́yìn yín fi ń pòṣé, nítorí bọ́ọ̀lù tí o lè rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun lónìí, ìdí kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀wọ̀ fún un, lọ́la ó lè jẹ́ pé òun ni wàá máa sanwó fún kó kọ́ ọ.

Àwọn ọmọ rẹ ti gba họ́lídé, àbí? Kó wọn wá. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ ti padà sípò. Òjò ti fọ oògùn inú rẹ̀ dànù lóṣù kẹfà, omi di àwọ̀ ewé, wọ́n tì í pa, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún oògùn rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọdé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tàbí ìyàwó rẹ ni kó jókòó tì wọ́n, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kì í sì í ṣe èmi. Èmi ń ta káàdì mi ní tèmi. Kí o sì fi oògùn ẹ̀fọn pa wọ́n lára tó bá di ìrọ̀lẹ́, nítorí gbogbo ibi tí òjò fi omi sílẹ̀ sí ni ẹ̀fọn ń yé sí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti di ohun tó ń fò.

Oṣù kejìlá wá ń bọ̀, ẹ̀yin ará Detty December. Mo mọ̀ pé o ti ń ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní London. Kò burú, àlejò ni ògo ilé. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní géètì, o gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn títí wọ́n á fi lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fọ́, ìwọ lo fọ́ ọ. Tí orúkọ rẹ bá ṣì wà lórí pátákó, o ò lè mú àlejò kankan wọlé, nítorí náà lọ sanwó yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ra Chapman fún wọn. Wọ́n ní Ikoyi Club ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó, kí wọ́n mu ún níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n pò, kí wọ́n lè gbàgbé èyí tí wọ́n ń pè ní Chapman ní Peckham. Èyí tó wọ sálúbàtà àti ṣòkòtò tó ya lórúnkún wá ibi ìjẹun lọ́dún tó kọjá, tí mo dá padà lẹ́nu ọ̀nà, sọ fún un pé mi ò bínú sí i. Kó ra bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tí kò bá rí i rà, bùbá àti ṣòkòtò wà ní ọjà Balógun, màá rán ẹnìkan lọ bá a rà á, kó sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.