Àròkọ Alálàyé: Gbígbé Module Àkọ́kọ́ Jáde fún Ìlò Gbogbo Ènìyàn

Àròkọ alálàyé ni orí-ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè fún. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, bí a ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ìlapa èrò
(i) Ohun tí module náà ń ṣe
(ii) Ìdánwò rẹ̀
(iii) Ìwé àṣẹ
(iv) Àlàyé ìlò àti nọ́ńbà ẹ̀dà
(v) Ìkádìí

Àpẹẹrẹ àròkọ

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń fi Excel ṣe ìwé owó-oṣù àti ìwé ọjà. Ìrísí ìwé wọ̀nyí kì í sábà yí padà. Orúkọ àti iye inú wọn ni ó ń yí padà lóṣooṣù. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí a ń pè ní module, tí yóò mú ìwé àwòṣe, tí yóò sì kọ orúkọ àti iye sí àyè tí a fi àmì sí nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ta ayé lọ́rẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò dáadáa. Bí àwòṣe bá ní ìlà kan fún òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ sì jẹ́ 20, ìlà náà yóò di 20. Bí fọ́múlà SUM tí ó wà nísàlẹ̀ kò bá gùn tẹ̀lé wọn, àpapọ̀ owó yóò dín, kọ̀ǹpútà sì lè má kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà, bí a bá kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sílẹ̀ bí iye, òdo iwájú rẹ̀ yóò parẹ́.

Ohun kejì ni ìwé àṣẹ. Àwọn kan rò pé bí kóòdù bá ti wà ní gbangba, ó ti di ti gbogbo ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni òfin mọ̀ sí olóhun. Bí kò bá fúnni láṣẹ, ẹlòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ṣe tirẹ̀. Ìwé àṣẹ MIT gba oníkálukú láyè láti lò ó bí ó ti wù ú, bí kò bá ṣáà ti yọ orúkọ olóhun àti ìwé àṣẹ náà kúrò. GPL ní tirẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá tún un ṣe, tí ó sì pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù tirẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ àṣẹ kan náà.

Lẹ́yìn èyí, kí a kọ àlàyé ìlò tí ó ní àpẹẹrẹ kan tí ó ń ṣiṣẹ́, kí a sì fún ẹ̀dà náà ní nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo 0.1.0 láti fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣì lè yí padà. Ní PyPI, níbi tí àwọn oníṣẹ́ Python ń kó module sí, a kò lè fi fáìlì mìíràn rọ́pò èyí tí a ti gbé síbẹ̀ ní orúkọ kan náà, ìbáà jẹ́ pé a ti pa á rẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àṣìṣe tí a bá rí lẹ́yìn náà, ẹ̀dà tuntun ni a ó fi tún un ṣe.

Ní ìkádìí, ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí gbogbo irú àwòṣe tí ayé ń lò. Àwọn tí ó bá gba ẹ̀bùn náà ni yóò fi tiwọn dán an wò, tí wọn yóò sì dá àtúnṣe padà fún olóhun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ alálàyé lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀, kí o sì sọ ìdí tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ṣe pàtàkì.